Ìtàn Àgbàyanu Jay Gruden, Akọni Pápá Abẹ́ Òrùlé

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọkùnrin kan fún yín. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ojú ayé ló ti ṣẹlẹ̀, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran, síbẹ̀ ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé àgbà kan ló ń pa á lálọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Jay Gruden ni orúkọ ọkùnrin náà. Ohun tó ya mí lẹ́nu jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ayé kò yé dá a padà sí ẹnu ọ̀nà ilé tó ti jáde. Ilé tó gbà á lálejò lónìí, tó bọ́ ọ, tó sì fi oyè dá a lọ́lá, òun náà ni yóò gbé ogun kò ó lọ́la. Kò sì ní lè yà fún un.

Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi pápá náà hàn yín. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀ sí èyí tí àwa ń fẹsẹ̀ gbá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, bọ́ọ̀lù ọ̀hún sì ṣóńṣó níhà méjèèjì. Gbangba ìta ni wọ́n ti ń ṣe é, nínú oòrùn, nínú òjò, nínú yìnyín, lórí ilẹ̀ tó gùn tó 100 yáàdì. Ẹni tí gbogbo ogun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kọ́tábáàkì. Òun ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́. Òun ni yóò fojú wá ẹni tí yóò jù ú sí, nígbà tí àwọn ọkùnrin gìrìwò ń ya bọ̀ láti gbé e lulẹ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1981, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jim Foster jókòó sínú Madison Square Garden ní New York, ó ń wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń gbá nínú ilé. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn. Bí eléyìí bá ṣeé gbé wọlé, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ńkọ́? Ó fa àpò ìwé kan yọ, ó sì ya àwòrán pápá tuntun sí i lára lójú ẹsẹ̀. Ọdún 1986 ni wọ́n tó dán eré náà wò ní Rockford, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Nígbà tó di 1987, ikọ̀ mẹ́rin bẹ̀rẹ̀ líìgì.

Ẹ wá wo ohun tí Foster dá sílẹ̀! Ó gé 100 yáàdì sí méjì, ó ku 50. Ó sọ ìbú pápá di ẹsẹ̀ bàtà 85, nítorí orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbá họ́kì oníyìnyín ló fẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà lé. Ènìyàn 11 tó ń gbá a ní ìta di 8. Ògiri kúkúrú tí wọ́n fi fóòmù bò yí pápá ká, àwọn òǹwòran sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá tì gbọnra lè bọ́ sórí itan wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù, lọ́tùn-ún lósì, ó ta àwọ̀n ńlá sókè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 30, ó sì ga tó 32. Bọ́ọ̀lù tó bá lu àwọ̀n yìí kò kú. Yóò ta padà sínú pápá, ẹni tó bá kọ́kọ́ hán an ló sì ni ín. Ní ìta, bí ọ̀nà bá dí, ikọ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí ọ̀tá kó sì sinmi. Nínú ilé, òfin kọ èyí. Nígbà náà, àwọn tó ń kọlù ni wọ́n tún ń dènà, aago kò jẹ́ kí wọ́n mí, kọ́tábáàkì nìkan àti ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n dá sí. Ó wọ́pọ̀ kí ikọ̀ kan ní àmì-ayò 50 kí wọ́n sì nà án. Irú ibi tí kọ́tábáàkì ti gbọ́dọ̀ ronú kí ẹlòmíràn tó ṣẹ́jú nìyẹn, ibẹ̀ sì ni Jay Gruden ti di ọba.

Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1967 ni wọ́n bí i ní Tiffin, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Jim Gruden, bàbá rẹ̀, jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Láti ìlú dé ìlú ni iṣẹ́ yìí ń gbé ìdílé náà kiri, títí ó fi gúnlẹ̀ sí Tampa ní Florida, níbi tí bàbá ti ń ṣiṣẹ́ fún ikọ̀ Buccaneers. Bí ọmọ tí wọ́n bí sínú ìsọ̀ ṣe máa ń mọ owó ọjà kó tó mọ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Gruden ṣe mọ bọ́ọ̀lù. Jon, ẹ̀gbọ́n Jay, pàápàá gbà á sọ́kàn débi pé kò fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn. Ẹ fi orúkọ Jon yìí sọ́kàn. Ó ń bọ̀.

Jay gba ilé ẹ̀kọ́ girama Chamberlain ní Tampa kọjá, ó sì lọ sí Yunifásítì Louisville, níbi tó ti jẹ́ kọ́tábáàkì lábẹ́ Howard Schnellenberger, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tó ti kó Miami gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà nínú ìdíje yunifásítì ọdún 1983. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ikọ̀ ńlá NFL, líìgì bọ́ọ̀lù ìta gbangba, jókòó lọ́dún 1989 láti yan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́, wọ́n ka orúkọ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sẹ́ni tó dárúkọ Jay. Ìlẹ̀kùn ńlá ti tì. Ó bá wọn ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ ìkọ́ni ní Louisville, ó ń wo ojú ọ̀run.

Lọ́dún 1991, ikọ̀ Pittsburgh Gladiators kó láti ìlú wọn, ó di Tampa Bay Storm. Pápá abẹ́ òrùlé wá bá Jay nílé! Ọmọ ọdún 24 ni. Ó gba bọ́ọ̀lù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú. Ní ọdún náà gan-an, Storm dé àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní ArenaBowl, wọ́n sì ní láti lọ bá Detroit Drive nínú ilé wọn ní Detroit. Ikọ̀ Detroit yìí ti gba ife-ẹ̀yẹ náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, 1988, 1989, 1990. Tim Marcum ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba gbogbo líìgì. Àlejò àkọ́kọ́ ọdún ló wọlé tọ kìnnìún lọ. Nígbà tí eruku sọ̀, Tampa ní 48, Detroit ní 42.

Láti ìgbà náà ni orúkọ Jay ti ń dún. Lọ́dún 1992, òun ni wọ́n fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì. Lọ́dún 1993 ó tún padà sí Detroit fún àṣekágbá, ó nà wọ́n ní 51 sí 31, òun náà sì ni akọni ọjọ́ náà. Lọ́dún 1995 Tim Marcum fúnra rẹ̀, ọ̀tá àná, wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Tampa! Òun àti Jay di ọ̀kan, wọ́n sì na Orlando Predators ní 48 sí 35 nínú àṣekágbá.

Ti 1996 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ni wọ́n ti gbá àṣekágbá. Kọ́tábáàkì Iowa Barnstormers ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí NFL ti kọ̀, tó ti ń to ọjà sórí pẹpẹ nínú ṣọ́ọ̀bù kó lè rówó jẹun. Kurt Warner ni. Ẹni méjì tí ilé ńlá kọ̀ dojú kọ ara wọn lábẹ́ òrùlé kan, ilé Warner sì ni wọ́n wà. Wọ́n jùmọ̀ ń jù ú, ọ̀kan ń gbé e wọlé, èkejì ń san án padà. Ó parí sí 42 sí 38, Jay ló borí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2000, Warner yìí kan náà gba Super Bowl, àṣekágbá NFL, fún St. Louis Rams, ó ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 414 lọ́jọ́ náà, gbogbo àgbáyé sì mọ̀ ọ́n. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń yin Warner, inú mi ń dùn, mo sì máa ń fẹ́ kí ẹnìkan rántí ẹni tó nà án ní Des Moines.

Ife-ẹ̀yẹ mẹ́rin láàárín ọdún mẹ́fà! Jay wá kúrò láàárín pápá, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lọ́dún 1997 ó lọ kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dọ̀ ikọ̀ tuntun, Nashville Kats. Lọ́dún 1998 Orlando Predators pè é kó wá máa darí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ ohun tí Orlando jẹ́ sí Tampa. Òpópónà kan ṣoṣo, Interstate 4, ló so ìlú méjèèjì pọ̀, orúkọ òpópónà náà ni wọ́n sì fi sọ ìjà àwọn ikọ̀ méjèèjì. Orlando ti dé àṣekágbá ní 1992, ní 1994 àti ní 1995, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n bá lọ sílé lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jay gan-an ló sì ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀ ní 1995. Ọwọ́ tó gbá wọn létí ni wọ́n dì mú pé kó wá gbà wọ́n. Ọmọ ọdún 31 ni. Kò sì tíì jẹ́ olórí ikọ̀ kankan rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ọdún àkọ́kọ́ náà ni Orlando tún dé àṣekágbá. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Tampa Bay Storm! Níbo? Ní Tampa, nínú Ice Palace, lójú àwọn ènìyàn tó ti ń pariwo orúkọ Jay fún ọdún mẹ́fà! Ta ló dúró lódìkejì pápá? Tim Marcum, ọ̀gá rẹ̀! Ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 1998 ni. Jay mọ ọkàn Marcum, Marcum mọ ti Jay. Ṣùgbọ́n Jay ní Barry Wagner, ọkùnrin onírin tó ń hán bọ́ọ̀lù, tó ń dènà, tó sì ń gbé e sáré padà, ó sì ní Rick Hamilton tí wọ́n fi jẹ akọni ọjọ́ náà. Nígbà tí aago parí, Orlando ní 62, Tampa ní 31. Ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́! Predators gba ife-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ wọn nínú ilé ọ̀tá, láti ọwọ́ ọmọ ilé ọ̀tá.

Lọ́dún 1999 Albany Firebirds nà wọ́n nínú àṣekágbá. Ní 2000 wọ́n tún padà dé ibẹ̀, ní Orlando lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó sì wá bá wọn jà ni Nashville Kats, ilé tí Jay ti kọ́ṣẹ́! Ọ̀tọ̀ ni ìjà ọjọ́ yẹn. Kò sẹ́ni tó lè já ara rẹ̀ gbà, 38 sí 38, aago ń tán lọ. Ibẹ̀ ni David Cool ti fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láàárín òpó méjèèjì bí aago ṣe ń kú, ó di 41 sí 38. Connell Maynor, kọ́tábáàkì Orlando tó jẹ akọni ọjọ́ náà, di akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ní yunifásítì lẹ́yìn náà. Ẹ rí i pé iṣẹ́ náà ń ràn.

Jon wá wọ inú ìtàn. Lọ́dún 2002, ikọ̀ Buccaneers ti Tampa fẹ́ Jon Gruden, akọ́nimọ̀ọ́gbá Raiders ti Oakland, wọ́n sì san owó mílíọ̀nù 8 dọ́là lórí rẹ̀, yàtọ̀ sí àǹfààní yíyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin tí wọ́n fi kún un. Jon mú àbúrò rẹ̀ wọnú iṣẹ́. Lọ́dún kan náà, Jay, tó ti di ọmọ ọdún 35, tún gbé aṣọ agbábọ́ọ̀lù wọ̀, ó di kọ́tábáàkì Orlando. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó ń ju bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé. Nígbà òtútù ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣètò ogun pápá ńlá. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, Buccaneers gbá Super Bowl ní San Diego. Raiders ni wọ́n bá níbẹ̀, ikọ̀ tí Jon ti kúrò! Bill Callahan, ẹni tó ti jẹ́ igbákejì Jon, ló ń darí wọn. Tampa ní 48, Raiders ní 21. Ẹ̀yin ènìyàn, ohun tó ń bá Jay jà ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà jà. Ẹ má gbàgbé orúkọ Callahan yìí pẹ̀lú.

Ìbànújẹ́ wọlé ní oṣù Kẹfà ọdún 2003. Fran Papasedero, tó gba ìdarí Orlando lẹ́yìn Jay, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Jay padà sí ipò náà lọ́dún 2004. Ó mú wọn dé àṣekágbá 2006 ní Las Vegas, níbi tí Chicago Rush ti nà wọ́n ní 69 sí 61. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Chicago, Mike Hohensee, jẹ́ kọ́tábáàkì Pittsburgh Gladiators lọ́dún 1987, ikọ̀ tó kó wá sí Tampa tó sì di Storm. Ẹni tó jókòó sórí àga náà ṣáájú Jay ló wá gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, owó dín kù, líìgì abẹ́ òrùlé fagi lé eré ọdún 2009 pátápátá. Ní oṣù Kìn-ín-ní tó tẹ̀lé e, Buccaneers lé Jon. Ilé méjèèjì tí Jay ń gbé wó láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Florida Tuskers nínú líìgì kékeré kan, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sean McVay ti bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́dún 2009. Láti ibẹ̀ ni Cincinnati Bengals ti mú Jay lọ́dún 2011 kó máa ṣètò ìkọlù wọn. Pẹ̀lú kọ́tábáàkì tuntun, Andy Dalton, Bengals wọ ìdíje tó ń yọrí sí Super Bowl lọ́dún mẹ́ta léraléra, wọ́n sì ń pàdánù ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ 9 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2014, ikọ̀ Washington fi Jay Gruden ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà. Ẹni tí NFL kò dárúkọ rẹ̀ ní 1989 wá di olórí ọ̀kan nínú àwọn ikọ̀ 32 wọn! Ìjọba náà kò rọrùn. Ó jáwé olúborí nínú 4 péré nínú eré 16 ní ọdún àkọ́kọ́. Lọ́dún 2015 ó gbé Robert Griffin, tí gbogbo ìlú fẹ́ràn, sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fi Kirk Cousins síbẹ̀. Ọkàn akin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá, Buccaneers ti Tampa, ìlú tó tọ́ Jay dàgbà, wá sí Washington, wọ́n sì ní 24 kí Washington tó ní ẹyọ kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 24, Cousins ju bọ́ọ̀lù sí Jordan Reed, ó di 31 sí 30. Wọn kò tíì borí láti inú irú ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ rí nínú ìtàn ikọ̀ náà. Wọ́n gba ipò kìíní ní ìpín wọn lọ́dún yẹn, kí Green Bay tó lé wọn jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń lọ sókè sódò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, nígbà tí wọ́n wà níwájú ní ìpín wọn, kọ́tábáàkì wọn, Alex Smith, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ gidigidi, ohun gbogbo sì túká. Lọ́dún 2019 wọ́n pàdánù márùn-ún léraléra, wọ́n sì dá Jay dúró ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá. Ó ti borí nínú 35, ó pàdánù 49, ọ̀kan parí ní ọ̀mì. Ta ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Bill Callahan! Ọkùnrin tí àwọn Gruden méjèèjì nà ní San Diego, tó ti wá di ọmọ iṣẹ́ Jay ní Washington, òun ni àga náà bọ́ sí lọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi ìṣirò 35 sí 49 yẹn dá Jay Gruden lẹ́bi, mo sì kọ̀ ọ́. Sean McVay tó bá a ṣiṣẹ́ ní Florida ni ó tún bá ní Washington, tó sì fi ìṣètò ìkọlù lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 30 ni McVay nígbà tí Rams gbà á gẹ́gẹ́ bí olórí lọ́dún 2017. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ó gba Super Bowl pẹ̀lú àmì-ayò 23 sí 20, ikọ̀ tó sì nà ni Cincinnati Bengals, ilé Jay àtijọ́. Kevin O'Connell, tó bá Jay ṣiṣẹ́ ní Washington títí dé 2019, ń darí Minnesota Vikings láti ọdún 2022. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó tọ́ irú àwọn wọ̀nyí kò kùnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, mo bẹ̀ yín, nígbà tí ẹ bá kọ orúkọ Jay Gruden, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti Washington. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Detroit, ọdún 1991.